Jẹ́ Kí N Mọ Ìdí Iṣẹ́ Rẹ

Ìfẹ́ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Lọ́jọ́ tó wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá Abẹ́rẹ́, bàtà ló gbé lọ́wọ́, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ajá lé.

Ṣọ́ọ̀bù náà ò tóbi. Tábìlì kan wà níbẹ̀ tí ara rẹ̀ ti di kìkì àpá ọ̀bẹ, awọ rọ̀ sára ògiri, òórùn gọ́ọ̀mù kì í kúrò níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, ẹ̀rọ ìránbàtà sì wà ní kọ̀rọ̀ tó máa ń kùn bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun. Bàbá ló ni ìjókòó ẹ̀yìn, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ni ti ẹnu ọ̀nà. Abẹ́rẹ́ kọ́ lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Àwọn oníbàárà ló ń pè é bẹ́ẹ̀, torí ó kéré, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì ń gún ni. Bí abẹ́rẹ́ sì ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì adìyẹ. Ọkùnrin tó ti gbìyànjú àtigbé e mì, tó sì yára bì í padà, kì í ṣe ẹyọ kan.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," àlejò náà wí. "Mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi gìgísẹ̀ sí bàtà yìí. Igi ni kí ẹ fi ṣe é, igi líle. Kó ga díẹ̀."

Abẹ́rẹ́ wo bàtà, ó wo ẹni tó ni ín. Ọkùnrin náà sígbọnlẹ̀, èjìká rẹ̀ kún ẹnu ọ̀nà débi pé ṣọ́ọ̀bù ṣókùnkùn.

"Gíga tí Ọlọ́run fún yín yìí ò tíì tó yín?"

Bàbá rẹ́rìn-ín lọ́fun lẹ́yìn lọ́hùn-ún.

"Kì í ṣe torí gíga," ọkùnrin náà ní. "Irin ni mo fẹ́ máa wọ̀ ọ́ gbé. Bí ìsàlẹ̀ bàtà bá rọ̀, ńṣe ló dà bí ẹni tó dúró sórí tìmùtìmù tó ń gbé ẹrù. Àmọ́ bí gìgísẹ̀ bá le, tó sì ga díẹ̀, èèyàn á lè lóṣòó dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ̀yìn á sì nàró. Ẹ wò ó."

Ó lóṣòó lójú ẹsẹ̀, láàárín awọ àti ìṣó, ó tún dìde, ó tún lóṣòó.

"Alábàárù ni yín?"

"Rárá o. Kóòṣì ni mí. Mo ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń lágbára ni. Mi ò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni, èmi ni mo dá iṣẹ́ ara mi sílẹ̀."

"Ẹ jókòó ná, Kóòṣì. Kí n wọn ẹsẹ̀ yín."

Ó jókòó, àmọ́ bí ẹni tó jókòó sórí iná ni. Orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ. Abẹ́rẹ́ gbìyànjú láti fi okùn wọn àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kò ṣeé ṣe. Ló bá gbé ọwọ́ lé orúnkún náà.

"Ẹsẹ̀ yìí, wò ó, dúró!"

Ẹsẹ̀ dúró. Abẹ́rẹ́ parí wíwọ̀n, ó gbàgbé ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ìgbà tí bàbá rẹ̀ wúkọ́ ló tó mọ̀ pé kò sí ohun tó kù láti wọ̀n mọ́.

Ọjọ́ tó yẹ kó wá gba bàtà kò tíì pé tó ti dé. Ó ní òun kàn ní kí òun wò ó bóyá gọ́ọ̀mù ti gbẹ ni. Lọ́jọ́ kejì ó tún dé. Bàbá wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "Gọ́ọ̀mù yìí mà le o. Ó ti lẹ èèyàn mọ́ ṣọ́ọ̀bù mi."

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá ni Kóòṣì ń ṣe tẹ́lẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kan, pẹ̀lú owó oṣù tó dájú. Ó fi sílẹ̀. Ó kó irin róbótó tó ní ibi ìdìmú, rọ́bà fífà àti okùn sínú àpò, ó dè é mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, ó ń lọ láti ilé dé ilé. Ó ní adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó fẹ́ máa gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ láìdi ẹnikẹ́ni mú. Ó ní obìnrin oníléeṣẹ́ búrẹ́dì tí èjìká ń dùn. Ó sì ní agbábọ́ọ̀lù kan tí iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ ya, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ń wo ẹlòmíì lójú.

Abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e lọ wo agbábọ́ọ̀lù yẹn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó rò pé òun á bá a níbi tó ti ń sáré. Ìdúró ni Kóòṣì ń kọ́ ọ. Á sáré díẹ̀, Kóòṣì á pàtẹ́wọ́, òun á sì dúró gbọn-in, orúnkún á tẹ̀, ìbàdí á lọ sẹ́yìn.

"Eré sísá ò ṣòro," Kóòṣì ń pariwo, "ẹni tí ajá bá lé á sáré! Dídúró niṣẹ́! O ò gbọ́? Tún un ṣe!"

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Abẹ́rẹ́ sọ ọ́ sí i létí lórí alùpùpù. "Oníṣègùn, wo ara rẹ sàn. Ìwọ tí ò ń kọ́ni ní ìdúró, ìgbà wo lo dúró gbẹ̀yìn?"

"Mò ń dúró tì ọ́, adúmáradán."

"Irọ́ ni. Lórí mọ́ṣíìnì ni o wà yìí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì túbọ̀ fún un níná. Abẹ́rẹ́ di ìbàdí rẹ̀ mú. Inú rẹ̀ dùn, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀; méjèèjì jọ ń gbé inú àyà kan náà bí àwọn ayálégbé tí kì í kí ara wọn.

Ìgbà tó yá, Kóòṣì wọ ẹ̀wù tó mọ́, ó lọ bá Bàbá. Ó ní òun fẹ́ fi Abẹ́rẹ́ ṣe aya.

Bàbá gbé òòlù sílẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Mo rí i pé o fẹ́ràn ọmọ mi. Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ. Oúnjẹ ò wọlé fún un lọ́jọ́ tí kò bá gbọ́ ohùn mọ́ṣíìnì rẹ. Àmọ́ mi ò tíì mọ ìdí iṣẹ́ rẹ. Jẹ́ kí n mọ ìdí iṣẹ́ rẹ. Lọ́jọ́ tí o bá jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n, wá mú aya rẹ."

"Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ ṣeun, sà."

Òógùn bo Kóòṣì nígbà tó jáde. "Kí ni wọ́n ní lọ́kàn?"

"Kí ló tún ṣòro níbẹ̀?" Abẹ́rẹ́ dáhùn. "Ṣọ́ọ̀bù! Lójú bàbá mi, ẹni tí kò ní ìdí iṣẹ́ tí wọ́n lè wá bá a sí, alárìnkiri ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọkùnrin ni wọ́n ti jókòó sójú kan. Wá ibì kan. Kódà kó jẹ́ gáréèjì."

"Gáréèjì kẹ̀? Gbọ̀ngàn ni màá gbà! Wọ́n á rí ìdí iṣẹ́, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ sá!"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà. Ká ní ó mọ ibi tó ń rán ọkùnrin yìí lọ ni, ì bá ti gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ.

Nítorí láti ọjọ́ yẹn ni Kóòṣì ti di afẹ́fẹ́. Ó gba iṣẹ́ iléeṣẹ́ ńlá kan tó fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà látàárọ̀ ṣúlẹ̀ máa na ara. Ó gba ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin kan, ó ń bá wọn rìnrìn àjò. Kí ìlú tó jí, ó ti wà nílé ẹnì kan. Kí ìlú tó sùn, kò tíì délé tirẹ̀. Bí Abẹ́rẹ́ bá pè é, èémí rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́.

"Níbo lo wà?"

"Mo ń bọ̀, ọkàn mi."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ò ń bọ̀. Mo ní níbo lo wà?"

"Mo ń bọ̀ náà ni."

Nígbà tó bá sì wá dé, á fi ẹ̀yìn ti ògiri ṣọ́ọ̀bù, á sùn lórí ìdúró bí ẹṣin. Abẹ́rẹ́ á máa rán bàtà, á máa wo ojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ti kó jọ fún un láti ọjọ́ mélòó kan á tutù sí i lẹ́nu.

Ẹ̀gbọ́n Kóòṣì obìnrin wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan. Obìnrin dúdú tó sanra ni, ohùn rẹ̀ ló ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Ó ní òun wá tún bàtà ṣe, àmọ́ bàtà tó mú wá, kò sóhun tó ṣe é.

"Ìyàwó wa, bá mi bá àbúrò mi sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò lè gbé eèrà, tó ń kùsà sí erin, ara rẹ̀ ló ń tàn. Ó ní gbọ̀ngàn ni òun fẹ́ gbà! Iṣẹ́ ìjọba gidi wà ńlẹ̀, ó ní irin ló kù. Ṣé ìwọ lo rán an ni?"

"Èmi kẹ̀, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Láti ìgbà tí o ti wọ ọ̀rọ̀ yìí ló ti rù bí igi gbígbẹ. Kóòṣì alágbára, ikùn rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn!"

Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò dá sí i. Àmọ́ Abẹ́rẹ́ ò lè fọwọ́ mú nǹkan mọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀, ó gé awọ sí òdì, ó jáde, ó wọlé, ó tún jáde. Ara rẹ̀ ń yún un, kò sì mọ ibi tí yóò họ.

Ìgbà yẹn gan-an ni obìnrin kan wá bá a láti iléeṣẹ́ bàtà tó wà ní ìlú mìíràn. Bàtà àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ò dọ́gba ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, àti ti àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yẹ̀. Ó ti rí iṣẹ́ ọwọ́ Abẹ́rẹ́ lẹ́sẹ̀ adájọ́ oníbàárà Kóòṣì. Ó ní kó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn fún ọdún kan, àwọn á fún un ní ilé àti owó oṣù. Abẹ́rẹ́ ní òun á ronú sí i. Ó fẹ́ bá Kóòṣì sọ ọ́ lójú kojú. Wọ́n dá ọjọ́, Kóòṣì ò wá. Wọ́n tún òmíràn dá, ó wá, àmọ́ tẹlifóònù rẹ̀ ń dún, ó jáde lọ dá a lóhùn, ibẹ̀ ló gbà lọ. Wọ́n dá ẹ̀kẹta. Abẹ́rẹ́ wọ aṣọ, ó kun ojú, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí àwọn aládùúgbò fi kí i tán tí wọ́n tún ń kí i padà. Nígbà tó yá, ó bọ́ yẹtí, ó tẹ obìnrin náà láago, ó ní òun ń bọ̀.

Kò sọ fún Kóòṣì. Ó ní, ẹni tí kò ráyè gbọ́, kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún un?

Kò pẹ́ sí i ni gbọ̀ngàn ṣe tán. Ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì sí rí ni. Kóòṣì ti kùn ún lọ́dà funfun, ó tẹ́ rọ́bà dúdú sílẹ̀, ó gbé dígí sára ògiri, ó to ọ̀pá irin àti àwo irin láti kékeré dé ńlá bí ọmọ ìyá kan náà tó ń ya fọ́tò. Ó pe Bàbá, ó pe Abẹ́rẹ́, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ń sáré láti ìhín sọ́hùn-ún, ó ń nu ohun tó ti mọ́.

Bàbá fi ọwọ́ sẹ́yìn, ó rìn yí ká. Ó fọwọ́ kan irin kan. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó tún fìlà ṣe.

"Ibí yìí dára, ọmọ mi. O kú iṣẹ́."

Kóòṣì dúró níwájú rẹ̀, èémí ń já a. "Bàbá, ìdí iṣẹ́ mi rèé."

"Ìdí wo?"

"Ìdí iṣẹ́ tí ẹ ní kí n jẹ́ kí ẹ mọ̀."

Bàbá wò ó. Ó wo àwọn irin. Ó tún wò ó. "Ṣé torí ọ̀rọ̀ tí mo sọ lo ṣe lọ gba gbogbo eléyìí? Áà! Ìwọ ọmọ yìí! Ìdí tí mo wí kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń jókòó!"

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. Kóòṣì ò rẹ́rìn-ín.

"Ohun tó mú ọ ṣe é ni mo bi ọ́," Bàbá ní. "Ọkùnrin tó ní iṣẹ́ olówó oṣù, tó fi sílẹ̀, tó ń gbé irin káàkiri bí ẹni tí wọ́n ń lé. Torí kí ni? Kí ló ń lé e? Ohun tó bá ń lé ọkọ, á lé ìyàwó. Ìyẹn ni mo fẹ́ mọ̀ kí n tó fa ọmọ mi lé ọ lọ́wọ́. Mo bi ọ́ ní ìdí, o lọ kọ́lé fún un!"

Abẹ́rẹ́ bọ́ síwájú. "Bàbá, èmi ni mo túmọ̀ ẹ̀ fún un. Mo ní ṣọ́ọ̀bù lẹ ń bèèrè."

"Ìwọ tí o gbọ́n jù mí lọ nìyẹn."

Kóòṣì wo ilẹ̀ rọ́bà bí ẹni tí nǹkan bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sílé ọkọ nígbà yẹn. Ó ku èmi àti ìyá wa. Mo ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kan, mo bá wọn nílẹ̀ ilé ìdáná. Eegun kankan ò ṣẹ́. Wọn ò ṣàìsàn. Wọ́n kàn ṣubú ni, agbára àtidìde ò sì sí lẹ́sẹ̀ wọn. Látàárọ̀ ni wọ́n ti wà ńbẹ̀. Ife omi wà lórí tábìlì lókè orí wọn, ọwọ́ wọn ò tó o. Mo pẹ́ kí n tó dé lọ́jọ́ yẹn. Bọ́ọ̀lù ni mo dúró gbá. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bá mi sọ ni pé, 'Má sọ fún ẹnikẹ́ni.' Mi ò sì sọ ọ́ rí, títí wọ́n fi kú."

"O ò sọ fún èmi gan-an!" Ẹ̀gbọ́n figbe ta. "Ìyá mi! O ò sọ fún mi!" Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì irin, ó ń sunkún kíkankíkan.

"Láti ọjọ́ náà, Bàbá, bí mo bá ti jókòó, ńṣe ló máa ń ṣe mí bí ẹni pé ẹnì kan wà nílẹ̀ níbì kan, tó ń retí mi, tí mo sì ti pẹ́. Ìdí iṣẹ́ mi nìyẹn. Mi ò ní òmíràn."

Bàbá gbé ọwọ́ lé èjìká Kóòṣì, ọwọ́ tó le bí awọ. "Mo ti gbọ́. Ní tèmi, ó tán. Ó ku ẹni tó ni ọ̀rọ̀." Ó fa Ẹ̀gbọ́n dìde, àwọn méjèèjì jáde.

Abẹ́rẹ́ dúró níbi tó wà. Ìfẹ́ rú sókè nínú rẹ̀ bí omi gbígbóná, ìbínú náà sì wà níbẹ̀, kò tíì lọ síbì kankan.

"Mo rò pé o ò fẹ́ wà lọ́dọ̀ mi ni," ó ní. "Gbogbo ọdún yìí. Mo rò pé ó sú ọ."

"Torí tìrẹ ni mo ṣe ń sáré, olólùfẹ́ mi."

"Mo ti mọ̀ báyìí. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ń torí rẹ̀ sáré, òun nìkan ló jókòó. Ṣé o mọ̀ pé mo ti gbà láti lọ?"

"Lọ síbo?"

Ó sọ ọ́ fún un, bàtà, ìlú, ọdún kan, gbogbo rẹ̀. Ojú Kóòṣì yí padà. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín àwọn irin.

"Kò burú. Màá tẹ̀ lé ọ. Màá dá gbọ̀ngàn padà fún onílé. Lọ́la gan-an. Irin ṣeé kó, mọ́ṣíìnì wà…"

"Kóòṣì."

"…màá bẹ̀rẹ̀ láti ilé dé ilé lọ́hùn-ún…"

"Kóòṣì! Adájọ́ ńkọ́? Àwọn tó fẹ́ dìde nílẹ̀ ńkọ́?"

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ò sí nílẹ̀," Abẹ́rẹ́ ní. "Orí ẹsẹ̀ mi ni mo wà, mo sì fẹ́ fi rìn. Ìwọ ni kí o dúró. Jẹ́ kí èmi náà lọ, kí n bọ̀, kí ẹnì kan máa retí mi." Omi ń dà lójú rẹ̀, àmọ́ kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Mo fẹ́ràn rẹ. Màá fẹ́ ọ kí n tó lọ, bí o bá fẹ́ ìyàwó tó ń lọ. Ṣé o fẹ́?"

Abẹ́rẹ́ rí bí Kóòṣì ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ náà wò, bí ẹni tó fẹ́ mọ bí ẹrù ti wúwo tó kó tó gbà á sí èjìká.

"Mo fẹ́ ẹ," ó ní. "Bó ń lọ, bó ń bọ̀, mo fẹ́ ẹ."

Ìgbéyàwó náà ò láriwo. Agbábọ́ọ̀lù tí iṣan rẹ̀ ti jinná jó ju ọkọ ìyàwó lọ. Adájọ́ gun àtẹ̀gùn ilé ìgbéyàwó láìdi ẹnikẹ́ni mú, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́, ó ní kí wọ́n má fi ariwo ba tòun jẹ́. Ẹ̀gbọ́n pe Abẹ́rẹ́ ní ìyá òun, ó fún un ní ẹ̀wù òtútù tó lè gba irú rẹ̀ mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Abẹ́rẹ́ wọ bọ́ọ̀sì. Kóòṣì gbé àpótí rẹ̀ sókè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún un gbé sókè. Ó bi í bóyá ó mú omi. Ó bi í bóyá ó mú ẹ̀wù òtútù. Ó tún bi í nípa omi.

"Wọlé, adúmáradán," ó ní nígbà tí awakọ̀ fun fèrè. "Wọlé kí n má baà gbé ọ sọ̀ kalẹ̀."

Láti ojú fèrèsé ni Abẹ́rẹ́ ti ń wò ó bí bọ́ọ̀sì ti ń lọ. Gbogbo ọdún yẹn ló ti gbà pé ẹni tó jókòó dúró nìkan ni ìyapa ń dùn, pé ẹni tó ń lọ kì í mọ̀ ọ́n lára. Báyìí tó jẹ́ òun ló ń lọ, ó rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ó bú sẹ́kún. Kò bo ojú. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ìyá àgbà tó jókòó tì í fọwọ́ kàn án. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ ni."

"Háà!" Ìyá náà yí ọrùn, ó wo ẹ̀yìn láti inú dígí. "Ṣé ọkùnrin gíga yẹn ni, èyí tó dúró sáàárín títì?"

"Òun ni, Mà."

"Àwọn mọ́tò mà ń fun fèrè mọ́ ọn o! Ó yẹ kó kúrò lọ́nà." Ó tún wò ó dáadáa, ó mi orí. "Kò kúrò. Ó dúró gbọn-in."